Màmá Gánà àti àpò kẹrin inú tòbí wọn

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí mo máa ń pè ní màmá, àwọn àgbà ẹbí pè wá jọ sí pálọ̀ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti pín ẹrù wọn. Àwọn ọmọ wọn pín aṣọ Hollandis tí ó kún àpótí mẹ́ta, góòlù díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó ilé, lẹ́yìn náà ni wọ́n bi èmi náà léèrè ohun tí mo fẹ́. Mo ní tòbí wọn ni mo fẹ́. Àwọn kan wo ojú ara wọn, nítorí pé tòbí ògbólógbòó tí aró rẹ̀ ti ṣí tán kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tọrọ nínú ogún, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń béèrè.

Tòbí náà ní àpò mẹ́rin. Abẹ́ ìró ni àwọn ìyá wa oníṣòwò máa ń ró o sí, tí wọn yóò fi okùn rẹ̀ fà á mọ́ ìbàdí, kí owó lè wà lára wọn lójú oorun àti lójú ọ̀nà. Náírà ni màmá ń kó sí àpò kìíní, sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Tógò àti Côte d'Ivoire wà nínú èkejì, sídì ti Gánà wà nínú ẹ̀kẹta, ọwọ́ wọn sì mọ àpò kọ̀ọ̀kan débi pé wọ́n lè san owó fún onímọ́tò ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta láìwo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àpò kẹrin, èyí tí wọ́n fi òwú pupa gán lẹ́nu, ni wọ́n ń tọ́jú owó tí wọn kì í fi ra ọjà sí. Owó ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń pè é. Nítorí àpò yẹn ni mo ṣe tọrọ tòbí, òun náà sì ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí.

Wọ́n bí màmá ní Tamale, ní apá àríwá Gánà, ní ọdún 1940, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast. Bàbá wọn, tí í ṣe bàbá bàbá mi, ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ débẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí ti ṣe láyé ìgbà náà. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí dá sílẹ̀ ni màmá ti kọ́ ìwé kíkà, Bíbélì Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ́ wọn, tí ó fi jẹ́ pé kí wọ́n tó fi ojú kan ilẹ̀ Yorùbá rárá ni wọ́n ti lè ka Sáàmù láìṣìkà. Dagbani, èdè àwọn Dagomba, ni wọ́n ń sọ lójúde, Hausa lọ́jà, Yorùbá nínú ilé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kú ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ orúkọ wọn. Ní Gánà, Alátà ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, orúkọ yẹn náà sì ló wà lára ọṣẹ dúdú tí àwọn Akan ń pè ní alata samina títí di òní. Nígbà tí màmá dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará ilé sọ wọ́n di Màmá Gánà. Nígbà tí wọ́n kọjá sí Abidjan ní Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Anango, wọ́n di Maman Anango. Ibi yòówù tí wọ́n bá dé, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n. N kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ṣàròyé lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá rí i gbà, kí ó kúrò ní Gánà. Pé wọ́n bí ènìyàn síbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni màmá, wọ́n ní ọmọ mẹ́ta, èyí tí ó kéré jù ṣì wà lẹ́yìn. Wọ́n sọ fún mi pé ohun tí ó dùn wọ́n jù ni bí àwọn kan ṣe ń yí ilé wọn po láti ra ẹrù lówó pọ́ọ́kú: máṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n fi èrè ọdún méjì rà, ẹnì kan fi owó tí kò tó ra adìyẹ méjì ná an, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń ná an, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ̀ ń dúró.

Obìnrin Dagomba kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tí òun àti màmá jọ dàgbà, tí wọ́n jọ ń pọn omi. Òru ni ó wọlé wá. Ó ní kí màmá má ta ohunkóhun fún àwọn tí wọ́n fẹ́ jẹ wọ́n run. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbé máṣíìnì náà, bẹ́ẹ̀dì onírin méjì, àti odindi ìdì aṣọ mẹ́rìnlá sọdá sí yàrá tiwọn, wọ́n sì fi ẹní bò ó. Kò sí ìwé tí a kọ, kò sí ẹlẹ́rìí tí a pè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì màmá gun ọkọ̀ akẹ́rù láti Tamale lọ sí Kumasi, láti Kumasi sí Accra, wọ́n gba Aflao wọ Lomé, wọ́n gba Kútọnù wọ Nàìjíríà. Bàbá mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, jókòó sórí ẹrù láti Kumasi títí dé bọ́dà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò lọ́nà.

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí wọ́n ti ń gbọ́ oríkì rẹ̀ láti kékeré gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n bí àlejò. Àwọn ọmọ ilé ń fi Yorùbá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohùn Hausa wà nínú rẹ̀. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí se waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà àwọn ará Gánà, tà. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń sè é, nítorí pé wọ́n kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó: wọn yóò ki ewé ọkà bàbà gbígbẹ bọ inú ìkòkò ẹ̀wà, omi náà yóò pọ́n bí omi osùn, wọn yóò da ìrẹsì sí i, nígbà tí ó bá sì jinná tán, wọn yóò fi ìka méjì fa àwọn ewé náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ooru yóò máa rú lọ sókè sí ojú wọn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ rò pé ìrẹsì tí ó jóná ni. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kan, àwọn awakọ̀ akérò ti ń dúró dè é.

Ní ọdún 1974, ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia, màmá padà lọ sí Tamale láti wo ibi tí nǹkan dé. Ohun tí wọ́n bá ni wọ́n máa ń sọ fún wa lálaalẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré, wọn kì í sì í sọ ọ́ tán kí ohùn wọn má yí padà. Obìnrin náà mú wọn wọ yàrá. Máṣíìnì ìránṣọ wà níbẹ̀, ó ń fi òróró sí i. Ó ti ta bẹ́ẹ̀dì, ó ti ta aṣọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọjà dára, gbogbo ohun tí ó sì tà ni ó fi ẹfun fa ìlà fún sára ògiri, ìlà kúkúrú fún aṣọ, ìlà gígùn fún bẹ́ẹ̀dì, nítorí kò mọ ìwé. Ó tú gèlè àtijọ́ kan, owó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí màmá ka ìlà, kí wọ́n ka owó, kí wọ́n rí i pé ó pé. Màmá ní àwọn kò lè kà á, nítorí omijé.

Nínú owó yẹn ni wọ́n ti yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ tí wọn kò fi ra ọjà, wọ́n sì rán àpò kẹrin mọ́ tòbí láti fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ojú ọ̀nà bá ká mọ́ ni wọ́n ní ó ni ín. Nígbàkúùgbà tí ó bá ti ń tán, wọn yóò mú nínú èrè wọn fi kún un. Òwe tí wọ́n fẹ́ràn jù ni pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn, wọn kì í sì í pa á bí òwe lásán.

Èmi fúnra mi fi ojú mi rí i ní ọdún 1983. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, Agége ni mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ti ń ṣòwò aṣọ láàrin Èkó àti Lomé. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà kan náà. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, báágì onílà pupa, búlúù àti funfun tí wọ́n fi kó ẹrù sì ni gbogbo wa ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Olùkọ́ ìṣirò kan tí ó jẹ́ ọmọ Kumasi ń gbé yàrá kejì sí tiwa. Ìyẹ̀wù rẹ̀ kún fún ìwé, ó ní rédíò ńlá kan, ó ní fáànù àti fìríìjì kékeré. Lọ́jọ́ tí ó ń palẹ̀ mọ́, àwọn ènìyàn ti dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ra fìríìjì náà lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá dìde láti ìdí ààrò, wọ́n kọjá láàrin wọn, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ má ta nǹkan kan. Ẹ kó o sí yàrá mi.”

Ọkùnrin náà ní, “Màmá, mi ò mọ̀gbà tí mo máa padà.”

Wọ́n ní, “Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tèmi.”

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Àwọn kan ní àdúgbò bínú sí wọn, wọ́n ní Gánà kan náà tó lé wọn dànù ni wọ́n tún ń ṣojú fún. Màmá ní àwọn rántí Gánà dáadáa, àwọn rántí ẹni tó ná máṣíìnì, àwọn sì rántí ẹni tó gbé e pa mọ́, èkejì sì ni àwọn yàn láti fara wé. Kí ọdún náà tó parí ni wọ́n gbé owó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kumasi, pẹ̀lú gàrí, mílíìkì àti ọṣẹ, nítorí ìyàn mú ní Gánà lọ́dún yẹn lẹ́yìn ọ̀dá àti iná tí ó jó oko. Wọ́n padà wá sọ fún wa pé eegun ọrùn àwọn ènìyàn yọ síta débi pé àwọn ọmọ Gánà fúnra wọn ń pè é ní ṣéènì Rawlings, orúkọ olórí wọn nígbà náà. Wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ kọjá lára tíṣà náà nítorí àwọn kò dá a mọ̀.

Ìjọba ológun ti bọ́dà Nàìjíríà pa ní ọdún 1984, kò sì ṣí títí di ọdún 1986. Òwò Lomé kú mọ́ màmá lọ́wọ́. Bí ọ̀nà ṣe ṣí ni wọ́n bá àwọn obìnrin Èjìgbò, tí ìlú wọn ti sọ Abidjan di ilé kejì láti ọjọ́ pípẹ́, rìn lọ sí Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, wọ́n sì gba ìsọ̀ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n lò níbẹ̀.

Mo bá wọn rìnrìn àjò náà ní ìparí ọdún 1993. Ó tó bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan láti Èkó dé Abidjan, orílẹ̀-èdè márùn-ún lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti ní kí ọmọ ẹgbẹ́ máa wọ ìlú ara wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èrò. Ní bọ́dà kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n fa ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wa, ọmọ Mali tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, wọ́n ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò pé. Kò ní owó tí yóò fún wọn. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè, ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ Hausa, wọ́n yí ẹ̀yìn padà, mo sì rí i tí ọwọ́ wọn lọ sí ìbàdí ní apá òsì, sí àpò olówùú pupa. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ náà padà, wọ́n ní kí n sún kí ó lè jókòó, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Kò sí èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ ju Faransé tí ó já lẹ́nu màmá. Títí a fi dé Abidjan, orí èjìká wọn ni ó sùn sí.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a débẹ̀ ni sẹ́fà já. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n kéde láti Dakar pé fáráǹsì ilẹ̀ Faransé kan, tí ó ti jẹ́ 50 sẹ́fà láti ọdún 1960, ti di 100. Màmá tú owó wọn ká sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iye rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n Hollandis tí wọ́n fẹ́ fi rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní òru kan. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, owó náà kò dín o. Agbára rẹ̀ ló lọ.” Lọ́jọ́ kejì, obìnrin Èjìgbò kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa wá, ó ń sunkún, ó ti jẹ gbèsè, ọmọ rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn. Màmá tú òwú pupa, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Inú bí mi, mo sì sọ fún wọn pé àwa gan-an ni ojú ọ̀nà ká mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, “Ilé ṣì ń gbà wá sùn, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ wa kò sí ní ọsibítù.” Mo tọrọ àforíjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣì ń dùn mí pé mo sọ ọ́.

Wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù náà, ní ọdún 2004, láti bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní Peckham. Oṣù mẹ́fà péré ni físà wọn, òtútù kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ti rí obìnrin Gánà kan tí ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo ilẹ̀ wọn, wọ́n ti ń sọ Twi, ó sì ti ń gbé kẹ́ńkẹ́ wá sílé. Nígbà tí rògbòdìyàn ìdìbò Côte d'Ivoire dé góńgó ní ọdún 2011, àwọn ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ obìnrin Èjìgbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tí ó wà ní ọsibítù nígbà náà. Ọmọ náà ń fi owó ìsọ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní oṣooṣù títí wọ́n fi jáde láyé.

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n kú, lójú oorun, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. A kò kéde rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìròyìn náà gba ọ̀nà tí màmá máa ń gbà. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan kó àwọn Èjìgbò wá láti Abidjan. Ọmọ tíṣà ìṣirò pè láti Kumasi, ó ní bàbá òun ti kú ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn fìríìjì fún àwọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an, nígbà tí a ti fẹ́ gbé pósí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, eruku bò wọ́n. Ọmọ obìnrin Dagomba ni, ìyá rẹ̀ ti ṣáájú màmá lọ ní ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wọkọ̀ láti Tamale.

Ó súnmọ́ pósí, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì pè é lẹ́ẹ̀mẹta: “Suhuyini. Suhuyini. Suhuyini.”

A rò pé àdúrà ni. Bàbá mi ni ó fi Hausa bi í léèrè. Ó ní rárá, orúkọ wọn ni. Ó ní nígbà tí wọ́n bí màmá, ara ìyá wọn kò yá, ìyá àgbà òun ló ń fún wọn lọ́mú pọ̀ mọ́ ọmọ tirẹ̀, ó sì sọ wọ́n ní Suhuyini, èyí tí í ṣe ọkàn kan ní èdè Dagbani. Ó ní orúkọ yẹn nìkan ni agbo ilé àwọn mọ̀ wọ́n sí, àwọn kò pè wọ́n ní Alátà rí. Bàbá mi jókòó sórí àga tí ó wà nítòsí. Àbúrò wọn ni, kò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ń fín òkúta sàréè ti fín orúkọ sí i tán. A ní kí ó wá àyè fún ọ̀kan sí i nísàlẹ̀. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wa, ni ọmọkùnrin tó bá ìyá rẹ̀ wá láti Tamale bá gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ fún un gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn.